Bí Wọ́n Ṣe Ná Ọ̀gá Abórìṣàdé Dé Igba

Bí ẹ bá ní ohunkóhun lórí iná, ẹ lọ gbé e sọ̀kalẹ̀ kí ó má baà jóná, nítorí ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Abórìṣàdé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró.

Ní Ìsọlọ̀, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan tó ti kógbá sílé tipẹ́, wọ́n kọ́ ọjà tuntun tó ní ìsọ̀ ẹgbẹ̀ta. Wọ́n gba ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Okota, wọ́n kọ “Ọ́fíìsì Ìforúkọsílẹ̀ Ìsọ̀” sí iwájú rẹ̀, wọ́n kó akọ̀wé méjìlá sínú rẹ̀, wọ́n sì fi Dúpẹ́olúwa Abórìṣàdé ṣe olórí wọn. Àwọn tó ti ń tajà lábẹ́ àtíbàbà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ní kí wọ́n wá gba ìsọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ wọn, fọ́tò wọn àti ìtẹ̀ka wọn gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó lù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá wọlé, ìsọ̀ rẹ̀ di ti ẹlòmíràn. Ó parí.

Ọ̀gá Abórìṣàdé ga, ó sì sanra, àmọ́ orúkọ oyè rẹ̀ ló tóbi jù lára rẹ̀: Alákòóso Àgbà Pátápátá, Olùdarí Ẹ̀rọ àti Èèyàn, Ògúnná Gbòǹgbò Ìlọsíwájú Ìsọlọ̀ àti Agbègbè Rẹ̀. Láràárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dìde kí wọ́n kà á jáde láti òkè dé ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mu omi. Ọ̀gá kì í sì í dáhùn ìkíni. Bí wọ́n bá ní “Ẹ káàárọ̀, sà,” á gbójú sókè bí ẹni tó ń wá aláǹtakùn lára àjà. Ọlátúbọ̀sún, akọ̀wé rẹ̀ tó ń gbé báàgì tẹ̀ lé e, ni ó máa ń bá a dáhùn: “Ọ̀gá ní ẹ káàárọ̀! Ọ̀gá ní ilé ń kọ́?” Bí Ọ̀gá bá sín, Ọlátúbọ̀sún á pariwo pé, “Ìlọsíwájú ni!”

Lateefah ni wọ́n gbé ìtọ́jú ẹ̀rọ lé lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ọmọ Rùkáyátù tó ń ta sípù, bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Rùkáyátù ti ń jókòó lábẹ́ àtíbàbà yẹn. Sípù ló fi rán Lateefah dé Poly. Nígbà tí wọ́n pín nọ́ńbà ìlà, ẹgbẹ̀ta ó dín mẹ́ta ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìkẹyìn ìlà nìyẹn. Lateefah ò fà á síwájú, òun náà ò sì bẹ̀ ẹ́.

“Tí mo bá gba ẹ̀bùrú wọlé,” ni Rùkáyátù wí, “ẹnu wo ni mo máa fi bú ẹni tó bá gba ẹ̀bùrú wọ iwájú mi?”

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wọ yàrá ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá kékeré tó tutù bí ilé ẹja dídì. Kọ̀ǹpútà méjìlá tó wà níwájú àwọn akọ̀wé, ara rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Olùpín kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní kẹ́nẹ̀ẹ̀lì. Ẹ rí i bí ìyálé tó di ṣíbí ọbẹ̀ mú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹni tó bá fẹ́ ṣí ìwé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò na abọ́ sí. Ohun kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá ní kí ẹ̀rọ ṣe, iṣẹ́ kan ni, kì í sì í kúrò nínú abọ́ àfi bí wọ́n bá pa á dé; ìkòkò sì ní iye tó lè gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ fún olùpín ṣáájú pé: ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, kó tó la ẹnu béèrè, iye báyìí ni kí o bù fún un, má kọjá a.

Iye wo ni kó wá jẹ́? Ọ̀sẹ̀ méjì ni Lateefah fi ṣọ́ wọn. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, nítorí ta ni wọ́n máa bi pé mélòó lo lè jẹ, tí kò ní sọ ju bó ṣe lè jẹ lọ? Ó kàn ń kà. Lọ́jọ́ lásán, akọ̀wé kan ń lo bí ogójì. Lọ́jọ́ tí èrò bá ya bò wọ́n, ẹni tó yára jù lo ọgọ́rin. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: igba ni ìlà òdiwọ̀n fún gbogbo èèyàn. Olúkúlùkù á jẹ yó, á sì ṣẹ́kù sílẹ̀. Bí orí ẹnìkan bá wá dàrú, abọ́ tirẹ̀ nìkan ló máa dà nù, ìkòkò ò ní dà nù.

Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé ìwé náà lọ fún Ọ̀gá. Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Igba fún ta ni?”

“Fún gbogbo èèyàn, sà.”

“Èmi ńkọ́?”

“Ẹ̀yin náà, sà. Igba.”

Ọlátúbọ̀sún di àyà mú. “Yéè! Ó fi ìlà sí Ọ̀gá!”

Ọ̀gá dìde fùú, àga sì bá a dìde nítorí ó ti há mọ́ ọn nídìí. “Èmi! Èmi Abórìṣàdé tí mo bọ kọmíṣánnà méjì lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Kí èmi àti ẹni tó ń ya fọ́tò alátẹ máa gba ìwọ̀n kan náà? Ṣé bí wọ́n ṣe ń bu oúnjẹ nílé yín nìyẹn?”

“Sà, igba yẹn pọ̀. Ẹ lè má lò ó tán.”

“Ta ló ní mi ò lè lò ó tán?”

Àga náà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lateefah wo ilẹ̀.

“Akọ̀wé kan,” ni Ọ̀gá wí, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síta, ó ń wò ó, “ìka mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Márùn-ún. Kí ló fẹ́ fi iṣẹ́ kẹfà ṣe?”

“Ọgbọ́n!” ni Ọlátúbọ̀sún ké. “Ọgbọ́n ńlá!”

Bí wọ́n ṣe yan òdiwọ̀n nìyẹn o, ẹ̀yin èèyàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìwé Àṣẹ ti wà lára ògiri, ó sì kà báyìí: “Èmi, Alákòóso Àgbà Pátápátá, pẹ̀lú agbára tí ipò gbé lé mi lọ́wọ́ àti èyí tí wọ́n bí mọ́ mi, pàṣẹ pé: akọ̀wé kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ márùn-ún. Ọ̀gá, kò lópin. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ìlà sí Ọ̀gá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, àfi bí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá dìde dúró, tí ó ka oyè rẹ̀ ní kíkún, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye náà sókè níwájú gbogbo èrò.” Ọlátúbọ̀sún ló fi gbólóhùn ìkẹyìn kún un láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ó rò pé ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ láé ni. Ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní márùn-ún márùn-ún. Ìsmáílà, àgbà nínú àwọn akọ̀wé, kọ orúkọ oníbàtà kan; orúkọ nìkan ti gba iṣẹ́ kéékèèké márùn-ún. Ó ní kí ẹ̀rọ ya fọ́tò, olùpín ní márùn-ún ti pé. Ó pa orúkọ dé, ó ya fọ́tò. Ó fẹ́ tẹ̀ka, márùn-ún tún ti pé. Ó pa fọ́tò dé, ó tẹ̀ka. Ìgbà tó padà ṣí orúkọ, orúkọ ẹni tó ṣáájú ló bá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá onírùngbọ̀n kan ṣe jáde pẹ̀lú ìwé tó ní Àjíbíkẹ́ ni òun, abilékọ, tó ń ta ìkọ́mú.

“Ẹ wò ó, mi ò bá yín jà,” ni bàbá náà wí. “Ẹ kàn sọ fún mi ibi tí ọkọ mi wà.”

Ọgọ́jọ èèyàn ni wọ́n kọ ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, méjìlélógún. Àwọn tó kù lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Rùkáyátù ṣírò rẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù tó jókòó lé níta, ó sì tún un ṣírò. Lateefah rí i láti ojú fèrèsé. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ìṣírò yẹn sọ.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, bí wọ́n ṣe ka oyè Ọ̀gá tán, Ìsmáílà dúró lójú kan, ó ń ronú. Ọ̀rọ̀ àṣírí wo ni Ọ̀gá lè máa fi wọ inú ẹ̀rọ? Ọ̀rọ̀ wo ló fẹ́ràn jù láyé? Ó jókòó, ó tẹ orúkọ Ọ̀gá, ó tẹ “Ògúnná Gbòǹgbò.” Ẹ̀rọ ṣílẹ̀kùn fún un gbayawu. Kí oòrùn tó mú, àwọn mọ́kànlá tó kù ti tẹ̀ lé e. Kò sí akọ̀wé kankan ní ọ́fíìsì náà mọ́. Ọ̀gá méjìlá ló wà níbẹ̀.

Lateefah rí i lójú ẹ̀rọ rẹ̀, ó sáré jáde. “Ẹ̀gbọ́n Ìsmáílà, ẹ̀yin ti di Ọ̀gá?”

“Èmi ni o. Kúnlẹ̀ kí mi.”

“Ẹ má ṣàwàdà. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Bí nǹkan bá bẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn, gbogbo ìkòkò ló máa gbé lọ.”

“Lateefah, ìyá ẹ ló wà nínú oòrùn yẹn. Ṣé kí n padà sí márùn-ún?”

Lateefah padà sínú yàrá ẹ̀rọ. Ó tún ìwé mìíràn kọ sí Ọ̀gá pé igba yìí náà ló máa gbà wọ́n. Ọlátúbọ̀sún gba ìwé náà, ó sì fi nu tíì tó dà sórí tábìlì.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ wá, kí òun wo ẹni tó ń ṣọ̀lẹ. Àwọn akọ̀wé méjèèjìlá, òdo láti Ọjọ́rú. Ọ̀gá Abórìṣàdé, ọ̀tàlérúgba èèyàn ní ọjọ́ méjì.

Ọ̀gá wò ó títí. Omi lé sí i lójú.

“Ẹ ò rí nǹkan! Èmi nìkan ni mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yìí!”

“Ìgbà wo lẹ ṣe gbogbo ẹ̀, sà?” Ọlátúbọ̀sún fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

“Èmi náà ò mọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀bùn nìyẹn.”

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ó pe olú ilé-iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọjà náà lórí fóònù, ó ní kí wọ́n rán ẹlẹ́rìí wá wo iṣẹ́ ìyanu lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọlátúbọ̀sún náà ní òun máa fi ẹ̀bùn kékeré kan kún un. Ó ti fi fóònù kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan fún ẹ̀rọ, díẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀nba tó lè fi dáràn. Bí Ọ̀gá bá ti fọwọ́ kan bọ́tìnnì, àwòrán Ọ̀gá yóò yọ, yóò sì ní: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá!” Àmọ́ Ọlátúbọ̀sún, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó rò ó pé kí wọ́n kíni kí ẹnikẹ́ni má dáhùn, àfojúdi ni, Ọ̀gá ò sì ní dáhùn. Ó wá ní kí àwòrán méjì yọ láti dáhùn. Ọ̀kan á ní “Ẹ ṣé o,” èkejì á ní “Ilé ń kọ́?” Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yẹn náà ti sọ̀rọ̀, ó yẹ kí wọ́n dá àwọn náà lóhùn. Ó wá pàṣẹ pé àwòrán kọ̀ọ̀kan tó bá ti yọ kí ó máa pe méjì mìíràn láti dá a lóhùn. Ó tún ní kí ìkíni náà máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá jí.

Níbo ni yóò ti dáwọ́ dúró? Ẹ̀yin tí ẹ ti rí Yorùbá méjì tí wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ẹ dá ara yín lóhùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Àwọn èèyàn kírun tán, wọ́n padà sí orí ìlà. Mọ́kànlélógójì ló kù. Rùkáyátù ni ẹnì kejìdínlógójì. Bó bá ń lọ bó ṣe ń lọ, aago mẹ́ta kò ní lù tí wọ́n á fi kàn án. Ìgbà náà ni ẹlẹ́rìí dé láti olú ilé-iṣẹ́, Àǹtí Jennifer, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo, tó ń kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé kékeré.

Ọ̀gá ní kí gbogbo iṣẹ́ dúró. Ó ti wọ agbádá tó lè bo kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì.

“Madam tó lọ́lá,” ó bẹ̀rẹ̀, “kí ẹ tó rí mi, ilẹ̀ yìí ṣókùnkùn. Ẹ̀rọ wà, kò mọ iṣẹ́. Èèyàn wà, wọn ò mọ ẹ̀rọ. Mo dé, mo mí sí wọn…”

“Ìlọsíwájú ni!”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ni Jennifer wí, “mo rí i níbí pé ní Ọjọ́rú, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ̀yin lẹ ya fọ́tò èèyàn méjìlá?”

“Èmi ni.”

“Lẹ́ẹ̀kan náà? Ní tábìlì méjìlá?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín ẹ̀rín àwọn tí Ọlọ́run yàn. “Mo pọ̀, madam.”

Jennifer kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó pọ̀.

Ọ̀gá na ìka kan sókè kí gbogbo ayé rí i, ó sì fi tẹ bọ́tìnnì.

Ojú Ọ̀gá yọ. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá!” Èrò pàtẹ́wọ́. Ojú méjì yọ. “Ẹ ṣé o! Ilé ń kọ́?” Mẹ́rin yọ. Mẹ́jọ. Kí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ tó gbé ọwọ́ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà méjèèjìlá ti kún fún ojú Ọ̀gá, kékeré, ńlá, ìdajì ojú, imú nìkan, gbogbo wọn ń kíra wọn. Ẹ kú iṣẹ́! Ẹ ṣé o! Ilé ń kọ́? Ẹ ṣé o! Ilé ń kọ́? Nínú yàrá tútù, ẹ̀rọ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Lẹ́yìn náà ohun gbogbo dá wáí.

“Ta ló ń kí mi?” ni Ọ̀gá béèrè.

“Ẹ̀yin lẹ ń kíra yín, sà,” ni Lateefah dáhùn, ó ti sáré wọlé.

Ó fẹ́ sọ fún ẹ̀rọ pé kó dúró, ṣùgbọ́n “dúró” náà, iṣẹ́ ni, kò sì sí àyè iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú ìkòkò mọ́. Ó yọ wáyà lára iná. Ó tún un tàn. Àwọn orúkọ tó ti wọlé kò lọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan nǹkan, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá!” Ó tún yọ ọ́. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Níta, Rùkáyátù ti dìde lórí búlọ́ọ̀kù.

Ìṣẹ́jú kékeré kan wà, bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, tí olùpín máa ń bi olùtọ́jú léèrè pé: mélòó ni kí n bù? Lateefah mú un dé ibẹ̀. Ó kọ igba sí iwájú àwọn akọ̀wé. Ó dé iwájú orúkọ Ọ̀gá, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

“Kí lo ń dúró dè?” ni Jennifer bi í.

Lateefah nawọ́ sí ògiri. “Bí mo bá fi ìlà sí wọn, mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, mà.”

Jennifer ka Ìwé Àṣẹ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí èyí, sà?”

“Èmi ni!” Ó ṣì ń yangàn.

“Ó dáa. A máa tẹ̀ lé e bó ṣe wà. Ẹ dìde dúró, sà.”

Ọ̀gá wo Ọlátúbọ̀sún. Ọlátúbọ̀sún ń wá aláǹtakùn lára àjà.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá dìde. Ó ka oyè rẹ̀ ní kíkún. Ìgbà tó dé “Olùdarí Ẹ̀rọ,” ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì ràn kálẹ̀. Ó wá la ẹnu: “Ẹgbàárùn-ún!”

“Ìkòkò ò tóbi tó bẹ́ẹ̀, sà,” ni Lateefah wí.

Rùkáyátù ti dé ojú fèrèsé. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e bí ẹni tó gbé e lé àtẹ rẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ kọjú síbí. Àkókò ń lọ, èmi kì í sì í ná ọjà pẹ́. Igba.”

“Ẹgbẹ̀rún márùn-ún.”

“Igba.”

“Ẹgbẹ̀rún kan! Ìyá, ẹ ro ti ipò mi.”

“Mo ti rò ó mọ́ ọn, sà. Igba, pẹ̀lú ipò.”

“Ẹ fi ọgọ́rùn-ún kún un, kí n kàn fi yàtọ̀.”

“Kí apá kan sípù gùn ju èkejì lọ? Ta ló fẹ́ bá yín rà á?”

“Lateefah,” ni Jennifer bọ́ sí i, “kí ìkíni yìí tó dé, kí àwọn akọ̀wé tó di Ọ̀gá, mélòó ni Ọ̀gá fúnra wọn máa ń lò?”

Lateefah ò fẹ́ sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti fi mọ̀ ọ́n, tó fi í pamọ́ sínú. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo aago.

“Mẹ́rin, mà.”

“Mẹ́rin kí ni?”

“Ìwé kan tí wọ́n ṣí, wọn ò kọ nǹkan sí i. Aago. Fọ́tò ara wọn.” Ó gbé ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Àti ayò, mà. Wọ́n máa ń ta ayò níbẹ̀.”

Ẹ̀rín bú láti inú ilé dé ìta. Bàbá onírùngbọ̀n tó di Àjíbíkẹ́ ní láti di ògiri mú.

“Igba,” ni Ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ẹ̀fọn.

“A ò gbọ́!” ni Ìsmáílà ké. “Ìwé ní sókè!”

“Igba!”

Lateefah kọ igba. Ẹ̀rọ jí. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá!” Méjì yọ, mẹ́rin yọ, wọ́n ń pọ̀ sí i, wọ́n dé igba. Olùpín gbé ṣíbí sókè, ó ní ó tó. Àwọn àwòrán Ọ̀gá há sínú abọ́ ara wọn, wọ́n ń béèrè ilé, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn, àwọn kọ̀ǹpútà yòókù sì mọ́ tónítóní. Akọ̀wé méjìlá fi orúkọ ara wọn wọlé, olúkúlùkù pẹ̀lú igba tirẹ̀.

“Ó yá, ẹni tó kàn!”

Nígbà tó kan Rùkáyátù, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó tẹ̀ka, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń fa sípù wò fún oníbàárà ti ha àtàǹpàkò rẹ̀ di dídán. Ó tún un tẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Lateefah di ẹ̀yìn àga Ìsmáílà mú. Rùkáyátù pọ́n àtàǹpàkò lá, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, kò sì gbé e kúrò kíákíá.

Ẹ̀rọ gbà á. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìsọ̀ tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni kẹtàdínlọ́gọ́ta, ẹnu ọ̀nà, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa. Àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e náà wọlé kí aago tó lù.

Ìwé kékeré Jennifer sọ̀rọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, igba Lateefah ti di òdiwọ̀n ní gbogbo ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ yóò wá sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Báàgì ẹlòmíràn ni Ọlátúbọ̀sún ń gbé báyìí. Wọ́n ní kí Ọ̀gá Abórìṣàdé lọ máa ṣàkóso ilé ìkẹ́rùsí kan ní Èjìgbò, níbi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, òun àti kọ̀ǹpútà kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, ó tàn án. Kò béèrè oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló yọ, bó ṣe ń yọ fún gbogbo èèyàn: “Ẹ káàárọ̀. Igba.”

Ọ̀gá gbójú sókè wo àjà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí Ọlátúbọ̀sún. Àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nìkan ló ń wò ó.

“Ẹ káàárọ̀ o,” ó dá a lóhùn.